Igi Òdòdó Bọ̀dá Táyọ̀

"Gbé fóònù sókè díẹ̀. Mi ò rí orí igi yẹn."

Ìbíyẹmí gbé fóònù sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Lójú fídíò, láti Àtìláńtà lọ́hùn-ún, Bọ̀dá Táyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé imú àti ojú nìkan ló kù tí èèyàn ń rí.

"Ìbíyẹmí, ewé dà?"

"Ó ti wọ́ dálẹ̀, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ọdún kẹfà rèé tí Bọ̀dá Táyọ̀ wálé wá sin ìyá wọn, tó rí igi òdòdó náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì Ìpájà, tó sì pariwo bí ẹni tó rí ará ìlú rẹ̀ lókèèrè. Ó ní irú rẹ̀ ló kún gbogbo àdúgbò òun ní Amẹ́ríkà. Ó gbìn ín fúnra rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gééti ilé tuntun tó kọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Máa bá mi wò ó. Oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀." Oṣù Kejìlá mẹ́fà ti kọjá báyìí.

Láti ìgbà náà, bí Ìbíyẹmí bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, aago mẹ́ta ni fóònù ń dún. Kì í ṣe òun gan-an ni wọ́n ń pè, igi ni. Bọ̀dá á ní kó yí i po, kó fi ìdí rẹ̀ hàn òun, kó fi àwọn òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú tó rún bí aṣọ tí kò rí áyọ́ọ̀nù hàn òun. Bí ojú rẹ̀ bá ti rí i tó, á ní, "O ṣeun, ó dàbọ̀." Ó parí nìyẹn.

Ẹni tó ń gbé ilé ọ̀fẹ́ kì í lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bọ̀dá Táyọ̀ ló rán an níwèé, òun náà ló fún un ní ibi tó ń fi orí pa mọ́ sí. Nígbà tí Kọ́lápọ̀, tí wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn, ríṣẹ́ sí Àkúrẹ́, tó ní kí àwọn jọ máa lọ, Ìbíyẹmí ní kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun dé ná. Kọ́lápọ̀ dúró títí, ó sú u, ó gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun Ìbíyẹmí dọ́kàn.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá ni lẹ́tà dé bá a, pé òun náà ti ríṣẹ́ olùkọ́ ìjọba l'Ékìtì, kó wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn á gba àyè rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ti ìkejì náà, bákan náà. Ló bá dá ọgbọ́n kan, ẹ gbọ́ ọgbọ́n o: bí igi bá kú, inú á bí Bọ̀dá, á lé òun jáde, ẹni tí wọ́n bá sì lé kì í tọrọ àyè kó tó lọ. Òjò dá, Ìbíyẹmí kò sì bu omi sídìí igi náà mọ́.

Ọyẹ́ dé. Ewé pọ́n, wọ́n sì ń jábọ́. Dípò kí inú rẹ̀ dùn, oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ gba ẹnu gééti kọjá, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá Yahya, ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì, ló bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló pa igi yìí, ló bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Háà! Kí wá ni igi fi ṣe ẹ́?" Màmá Yahya rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣoore ló rí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ẹnu lo fi ń sọ̀rọ̀ jàre. Tó o bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́rọ́ wá. Mi ò ní gbé ilé jẹ."

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní náà ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la yìí.

"Níbí, òtútù ló ń gbọn ewé ẹ̀," Bọ̀dá Táyọ̀ ń wí lórí fóònù. "Òtútù wo ló wà l'Ékòó? O ti pa á, àbí?"

Ohun tí Ìbíyẹmí ń retí láti oṣù méjì rèé.

"Ó jọ pé ó ti kú, sà."

"Fi èékánná họ ara ẹ̀ kí n rí i. Tó bá ti kú, abẹ́ èèpo ẹ̀ á gbẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó họ ọ́. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà bó, abẹ́ rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, ó ní àwọ̀ ewé. Omi rẹ̀ wọ èékánná rẹ̀.

"Ó wà láàyè!" Bọ̀dá pariwo. "Jésù, o ṣeun! O rí i? Ká ní o ò sí níbẹ̀ ni, ó ti lọ. Má kúrò nídìí ẹ̀ o, àbúrò mi. Oṣù Kejìlá yìí ni mò ń bọ̀ ṣá."

Ó ṣe Ìbíyẹmí bí ẹni pé wọ́n ti gééti mọ́ ọn. Ó wo ojú ibi tó họ. Oṣù méjì gbáko, kò fún un ní ẹ̀kán omi kan.

"Bọ̀dá, mi ò bomi rin igi yìí látìgbà tí òjò ti dá."

"Kí lo wí?"

"Mo fẹ́ kó kú ni. Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó ti wá omi lọ fúnra ẹ̀. Kò nílò mi, sà." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti ríṣẹ́ ìjọba l'Ékìtì. Ọ̀la ni mò ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́dọ̀ Màmá Yahya."

Ohùn Bọ̀dá Táyọ̀ lọ sílẹ̀, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń bo iyẹ̀pẹ̀ lé ìyá wọn lórí.

"Ta ló máa wá máa fi igi hàn mí lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Ó kù díẹ̀ kí Ìbíyẹmí ní òun ò lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ ṣì máa pè mí laago mẹ́ta," ó ní. "Àmọ́ èmi ni kí ẹ máa béèrè."

Ó yí fóònù kúrò lára igi, ó kọ ọ́ sí ojú ara rẹ̀. Bọ̀dá Táyọ̀ wò ó títí.

"O ti rù, Ìbíyẹmí," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"