Adágún Já

Ilẹ̀ tín-ín-rín kan ló kù láàárín adágún àti odò. Ọmọ́jọlá fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó tún fẹ̀ ẹ́. Sátẹ́láìtì ló ya àwòrán náà láti òfuurufú, ní ìhà àríwá Àláskà, níbi tí yìnyín ti so ilẹ̀ pọ̀ láti ayébáyé. Yìnyín ọ̀hún ló ń yọ́ báyìí, tí ilẹ̀ sì ń rì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bèbè adágún yìí ṣì fẹ̀ bí ọ̀nà márosẹ̀. Bí ó bá já, gbogbo omi adágún yóò ya wọ odò.

Ó pe Anna, ọ̀gá rẹ̀. Anna tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ó lè jẹ́ òjìji ìkùukùu. Jẹ́ ká dúró de àwòrán ọ̀la. Ṣé o rántí èṣí?"

Ó rántí. Ó kìlọ̀ fún àwọn ará abúlé ibẹ̀ léṣìí, wọ́n kó ẹrù sá, adágún kò sì mì. Láti ìgbà náà, Joel nìkan ló ṣì ń gbé ìpè rẹ̀, ọmọ abúlé náà tó máa ń bá iléeṣẹ́ Ọmọ́jọlá wọn bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó. Ìyá Joel sì wà létí odò báyìí, nínú ahéré tí wọ́n ti ń sá ẹja. Bí ó bá tún kìlọ̀ lásán, Joel náà yóò jáwọ́. Ṣùgbọ́n ta ní í fi iná sórí òrùlé sùn?

Ó jáde lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó pe Joel.

"Joel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé Màmá kúrò létí odò."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú. Ẹ ṣáà gbé wọn kúrò."

Joel mí kanlẹ̀. "Wọn ò ní fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, màá pọ̀n wọ́n."

Nírọ̀lẹ́, Ọmọ́jọlá fi mọ́tò lọ gbé Kọ́ládé, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Hillcrest Heights, tó jìnnà réré sí Àláskà. Kọ́ládé jókòó sínú mọ́tò, ó bọ́ bàtà.

"Kí ló dé? Ojú ẹ ò dáa."

Kò tíì dáhùn tí fóònù fi dún.

"Ó ti já!" Joel ló ń pariwo. "Ahéré lọ, ẹja lọ. Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń bú mi pé n kò jẹ́ kí wọ́n mú ìkòkò wọn."

Ọmọ́jọlá gbé orí lé sítíárì, ó bú sẹ́kún. Kọ́ládé gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn.

"Ẹ gbọ́," ni Joel wí, ó sì na fóònù sí ìhà odò.

Ariwo kún inú mọ́tò: omi ń ru, ilẹ̀ ń ya, òkúta ń lu òkúta. Láti ọdún mélòó kan ni Ọmọ́jọlá ti ń wo adágún náà láti òkè, bí ẹni ń wo fọ́tò. Kò rò ó rí pé ó ní ohùn.