Ọnà Ojú Oórì Ìyá Mi

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú tí kò sí níbẹ̀ ni mo ń kí kiri. Wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níwájú gbogbo ilé, wọ́n sì fi ọnà sí wọn lójú: òmíràn nílà tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn ní kókó róbótó. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí o bá rí sìmẹ́ǹtì onígun mẹ́rin níwájú ilé, o ò ní bèèrè. Bàbá onílé ló sùn síbẹ̀. Mo ń yà fún wọn, mo ń wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kú ilé o, bàbá."

Ọkọ mi, Sàídù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ìwé kíkà gbé wá síbẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn. "Kúbúrátù, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mà ni! Kí ẹrẹ̀ má baà ba bàtà wọn jẹ́ ni." Inú bí mi. Ta ló ń fi ọnà sára ohun tí ẹnikẹ́ni ò wò?

Lọ́dún 1988, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ nílé, àbúrò mi Mùílì pè wá láti ilé ọ̀gá rẹ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá wa, Ràmọ́tà, ti kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín síwájú ilé, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Mo gbé tẹlifóònù kalẹ̀, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi, mo rò ó, mo sì jẹ ẹ́. Omijé kò wá. N kò lè lọ sílé, torí ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba.

Nígbà tó yá, Mùílì tún pè ní Sátidé kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, a fẹ́ rẹ́ ojú oórì màmá kí òjò tó dé. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àkọ́bí. Ẹ sọ ọnà tí ẹ fẹ́ kí bíríkìlà fi sí i, ẹ̀yin la ń dúró dè."

Bí mo ṣe di ẹni tí ń wolẹ̀ rìn nìyẹn. Níwájú ilé búrẹ́dì, òkúta wẹ́wẹ́ wà tí wọ́n tò bí ẹní híhun. Mo wò ó fún ìyá mi, ó dà bí i pé aṣọ ìyá ẹlòmíràn ni mo ń rà. Mo wo ti iwájú ilé ìwé, mo wo ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń fẹ́ kí ọ̀kan dùn mí lọ́kàn kí n lè mọ̀ pé òun ni. Kò sí èyí tó dùn mí. Ìyà wo ló ju kí ìyá ẹni kú, kí ara ẹni má mọ̀?

Mùílì tún pè. Mo ní kó fún mi láyè di Sátidé tó ń bọ̀.

Sàídù ní, "Mú èyíkéyìí jàre. Ṣé màmá ń wò ó ni?" Mo wọ bàtà mi, mo tún jáde lọ wolẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo rí i, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n fi òkúta kéékèèké to ìlà yíká, gbogbo rẹ̀ kórí jọ sí àárín bí irun ṣùkú. Ìyá mi ló máa ń di ṣùkú fún mi, á fi orúnkún há mi lórí kí n má baà sá. Èyí dùn mí lọ́kàn. Òun nìyí.

Lọ́jọ́ kejì, kí tẹlifóònù tó dún tán mo ti gbé e. Mo ní, "Mùílì, mo ti rí i! Wí fún bíríkìlà pé..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́rú, ó ti ń wọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. A ti rẹ́ ẹ."

"Ọnà wo lẹ fi sí i?"

"A ò fi ọnà sí i. Gbogbo àwa ọmọ la tẹ ọwọ́ wa sí i nígbà tó ṣì tutù. A fi àyè ọwọ́ tiyín sílẹ̀ lápá orí."

Mo bi í pé, "Ṣé ibẹ̀ ṣì rọ̀?"

"Ó ti gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún ìyá mi.