Èémí Tí Aránhùn Gé Dànù

Bí aránṣọ ṣe ń rán aṣọ ni ọkùnrin yìí ń rán ohùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Aránhùn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́. Rédíò tó bàjẹ́ ló tú palẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ó tò ó padà, rédíò sì sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ohùn ti di nǹkan tó ṣeé tú, tó sì ṣeé tò, lójú rẹ̀. Ó ti lo ọdún méjìlélógún ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì. Bí olórin bá wọlé, Aránhùn kì í wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Yóò jókòó ti dùùrù, yóò máa tẹ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárín lọ sísàlẹ̀, olórin á máa tẹ̀ lé e títí ohùn á fi di ìkùnsínú. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa gòkè títí ohùn á fi ya. Iye eyín dùùrù tó bá wà láàárín méjèèjì ni yóò kọ sínú ìwé aláwọ̀ ewé kan.

"Gbogbo olórin ló nílé," ló máa ń wí. "Èmi kàn ń ka yàrá tó wà níbẹ̀ ni."

Nínú ìwé náà, Ààrá, obìnrin tó ń kọrin bí ẹni tí gbogbo ìlú jẹ níyà, ní eyín mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn wà, ní ohùn àyà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń wúwo. Oyinadò, tí tiẹ̀ dà bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ní mẹ́rìnlélógún péré. Fèrè, àbúrò Aránhùn, ní mẹ́rìndínlógójì. Àwọn méjì àkọ́kọ́, kò sí ilé tí wọn ò mọ̀ wọ́n. Fèrè ní tirẹ̀ ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan, ó sì máa ń ṣe ẹlégbè nígbà tí olórin kan bá nílò ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fèrè wá sí yàrá náà láti fi ohùn rẹ̀ gbára dì. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé àwo orin jáde ń wá obìnrin kan ṣoṣo tí wọn yóò ṣe àwo fún. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì kò gbọdọ̀ yọjú, Fèrè yóò sì pé márùndínlógójì lóṣù tó ń bọ̀. Bí eléyìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó parí.

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ Orin ń fi Oyinadò wé Ààrá.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ààrá lágbára, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn lè ti ilẹ̀kùn ṣubú kò ní kó lè fò kọjá òrùlé. Ẹ gbọ́ ìparí orin Oyinadò yìí!"

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó rọra gòkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn lọ́wọ́ òfìfo, ó sì dé ibì kan tí ènìyàn rò pé àjà ni. Ó kọjá ibẹ̀, ó dúró lókè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án.

"Ẹ gbọ́ bí? Kò tilẹ̀ mí! Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é."

Fèrè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Bùrọ̀dá, wọ́n ní kò sẹ́lòmíràn."

"Mo gbọ́."

"Ta wá lèmi?"

Aránhùn fi ìwé rẹ̀ nu eruku orí dùùrù. Kò sí eruku níbẹ̀.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Oyinadò fi gbìyànjú ibi gíga yẹn, tí ohùn rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọ̀gá tó ni yàrá nígbà náà wo Fèrè tó dúró láàárín àwọn ẹlégbè, ó ní, "Ìwọ, yá wa níbẹ̀ yẹn. Àwo tó bá tẹ̀ lé e, tìrẹ ni." Fèrè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kù fún Aránhùn láti rán an.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn, kò ní purọ́. Ohùn ènìyàn méjì kì í jọra, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín eyín kọjá nígbà tí ènìyàn bá ń sọ pé "sí", ti gbogbo wa ló jọra. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú orin náà, ibẹ̀ ló ti gé ti Oyinadò, ibẹ̀ ló so ti Fèrè mọ́. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Fèrè ní èjí níwájú, bó bá mí sínú kí ó tó gòkè, èémí rẹ̀ a máa súfèé wẹ́rẹ́. Láti kékeré ni, ohun tí ìyá wọn fi sọ ọ́ ní Fèrè nìyẹn. Aránhùn fi ọjọ́ mẹ́rin gé èémí náà kúrò. Nígbà tí àwo jáde, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn ní yàrá náà, ó pa gbogbo ègé tó ṣẹ́kù rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rírán. Ọ̀gá ta yàrá náà, ó kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwo tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò tẹ̀ lé nǹkan kan.

"Orin yẹn ni màá kọ lọ́jọ́rú," ni Fèrè wí.

"Nínú gbogbo orin ayé?"

"Ṣé kí n lọ kọ tẹlòmíràn nígbà tí mo ní tèmi? Adájọ́ Orin wà lára àwọn tó máa gbọ́ wa. Bùrọ̀dá, ẹ bá mi lọ. Ẹ ṣáà sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ rán an."

"Màá sọ."

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, wọ́n bá ènìyàn mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ náà, nídìí tábìlì gígùn kan. Adájọ́ Orin wà láàárín, ó ń mu omi gbígbóná. Obìnrin kan jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú bírò, ọkùnrin kan sì wà lápá òsì tí kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Fèrè dúró níwájú wọn. Ó kọ orin náà débi àtẹ̀gùn yẹn, ó mí, èémí rẹ̀ súfèé wẹ́rẹ́, ó sì gòkè. Aránhùn wo aago: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Ọkùnrin apá òsì gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ káre," ni obìnrin náà wí.

"Ohùn wà níbẹ̀," ni Adájọ́ Orin wí. "Àmọ́ àfarawé ni. Oyinadò kan ti wà, kí la fẹ́ fi òjìji rẹ̀ ṣe?"

Aránhùn dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo gba orin yẹn sílẹ̀. Àbúrò mi yìí ló kọ ibi gíga yẹn, kì í ṣe Oyinadò."

"Bàbá, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá sọ fún mi pé àwọn ló kọ orin Oyinadò. Èyí tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, irùngbọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní kí wọ́n gbé orin Oyinadò sí i, kí bàbá fi ojú rírán hàn wọ́n. Wọ́n gbé e sí i.

"Níbẹ̀!" ni Aránhùn wí. "Ní 'sí' yẹn."

Wọ́n dá a padà. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin náà di ojú, ó mi orí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

Aránhùn fetí sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Òun tó rán an, tó mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà, òun náà ò gbọ́ ọ.

"Àwọn ègé tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Wọ́n ti pa á rẹ́."

"Ta ló pa á rẹ́?"

"Èmi ni."

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí òwe náà sinmi, òun ni Aránhùn sì gbọ́ nínú orí rẹ̀ bó ṣe dúró níbẹ̀.

Adájọ́ Orin kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi sùúrù ṣàlàyé bí olùkọ́. "Ẹ jẹ́ kí n la etí yín, bàbá. Arábìnrin yìí mí kó tó gòkè, èémí yẹn tún ń súfèé. Oyinadò kò mí rárá. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tí Ọlọ́run fún yàtọ̀ sí ẹni tó ń làágùn."

"Òkú ni kì í mí, sà," ni Fèrè wí.

Obìnrin náà fi bírò fa ìlà kan sórí ìwé, ó sì pe ẹni tó kàn.

Wọ́n rìn padà títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, nítorí Fèrè ṣì ní aṣọ láti lọ̀. Ó dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Bùrọ̀dá, èémí mi yẹn. Báwo lẹ ṣe mú un kúrò?"

"Háà, ìyẹn?" Ọwọ́ Aránhùn dìde fúnra rẹ̀. "Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà, ihò á wà níbẹ̀, etí ẹni tó ń gbọ́ ọ á jìn sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bó o bí èèpo. Mo wá mú ìdákẹ́jẹ́ inú yàrá yẹn gan-an, torí yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ tiẹ̀, mo fi dí ibẹ̀. Èyí tó le jù ni súfèé yẹn. Ìgbà mọ́kànlá ni mo…"

Ó rí ojú Fèrè. Ìka Aránhùn méjì ṣì wà lókè bí ẹni mú òwú tín-ín-rín dání.

"Iṣẹ́ yín dáa, Bùrọ̀dá," ni Fèrè wí.

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Àtẹ̀gùn náà ga, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni èémí rẹ̀ ń súfèé wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, Aránhùn sì dúró nísàlẹ̀, ó ń kà á, títí ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ fi bò ó mọ́lẹ̀.