Omi Pupuru Nídìí Garawa

Lọ́dún 1996, Mobọ́lá, ọmọ yunifásítì tó ti Ìbàdàn wá, da garawa méjì dé ilẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ mi ní Igbodigo, ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà, èkejì láàárín oko. Ó ní ilẹ̀ oko máa ń tú gáàsì tó ń mú ayé gbóná, òun fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń fi abẹ́rẹ́ fa afẹ́fẹ́ inú garawa sínú ìgò.

"Èmi náà ń tú u," mo ní. "Wá da ọ̀kan dé mi nídìí."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó mú èsì dé, ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó. "Ìyá àgbà, gáàsì garawa ẹ̀bá ọ̀nà tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì! Ọ̀gá mi ní ká gbé e jáde."

Mo mọ ohun tó fà á. Orúnkún ò jẹ́ kí n ru omi kíkan tí mo fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ oúnjẹ pupuru dé ẹ̀yìn oko mọ́. Ìdí garawa yẹn ni mò ń dà á sí.

Mo lè panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí á dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, á máa fi omi pupuru mi yangàn.

"Mobọ́lá, èmi arúgbó ọ̀lẹ ni." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò bínú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ìlà sórí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ó rẹ̀ mí, Ìyá àgbà."

"Ó rẹ èmi náà, ọmọ mi."

Nígbà tó yá, ó gbé garawa náà lọ síbi tí omi mi kò dé lẹ́bàá ọ̀nà. Èmi ru omi mi, mo ń tiro lọ sẹ́yìn oko, mo ń bú orúnkún mi.