Póò Àna

Ká má purọ́, Màmá Bámijókò ló kọ́kọ́ ya òpè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iná tí wọ́n fi ń sun oko lọ́nà Ìṣẹ̀ ló ṣẹ́rí padà, tó jó Afọláyan, ọkọ ọmọ rẹ̀, láti àyà dé itan. Adéjọkẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè jókòó ti ọkọ lọ́sibítù n'Ìkẹ́rẹ́. Màmá bá sán ìró, ó gba ibẹ̀ lọ.

Ta ni yóò wá máa da póò? Ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ìyá ìyàwó, kí ìyá náà máa ru ìgbẹ́ rẹ̀! Afọláyan á kọjú sógiri. Màmá á fi ewé bo póò, á sáré dà á nù kí nọ́ọ̀sì tó dé, kí wọ́n má baà fi àna òun ṣèran wò. Nígbà tó rí i pé ìgbẹ́ náà dúdú, ńṣe ló jó.

"Èéfín tó gbé mì lóko ló ń jáde yẹn! Olúwa, o ṣeun."

Bí nọ́ọ̀sì bá bi í, á ní, "Ó yà á dáadáa, ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n ètè Afọláyan ń funfun, òógùn tútù bò ó. Màmá jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Dókítà dé, ó yẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ wò.

"Ìyá, báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí?"

Isaac, ẹ̀gbọ́n Afọláyan, wà níbẹ̀. Ojú ti Màmá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á ju ìtìjú lọ.

"Ó dúdú bí ọ̀dà, ó ń dán. Òórùn rẹ̀... àna mi, dákun o... ó lè lé òbúkọ jáde n'ulé."

Isaac fẹ́ rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, Ìyá. Ẹni tí iná bá jó tó báyìí, egbò lè dá sí i níkùn, kó máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti àná. Mo... mò ń dà á nù ni."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá Isaac, wọ́n so ìgò rẹ̀ kọ́ sórí Afọláyan, ó ń kán tó, tó. Màmá ń rìn yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó gbá ìdí ara rẹ̀.

"Ìdí burúkú! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lò ń jó sí!"

Nígbà tí póò tún kún, nọ́ọ̀sì ní kó gbé e wá, kó má bò ó. Màmá gbé e kọjá lójú gbogbo aláìsàn. Ó ṣì dúdú. Afọláyan lajú díẹ̀.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí Adéjọkẹ́ gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń rù ú o."