Èèkù Tó Bá Ọwọ́ Mu

"Ọ̀bẹ wo nìyẹn lọ́wọ́ rẹ?"

Télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, téèpù tó fi ń wọn àwọn oníbàárà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀bẹ àtijọ́ tí kò mú mọ́ ni ìyàwó rẹ̀ fi ń rẹ́ àlùbọ́sà. Ọ̀bẹ Japan tí Télọ̀ fún un lọ́jọ́ Àìkú wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, obìnrin náà fi àkísà wé e. Àkísà! Háà!

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá wọn."

"Má kí mi! Àkísà lo fi wé iṣẹ́ ọwọ́ mi?"

Inú bí Télọ̀ gidigidi. Ṣé obìnrin yìí tilẹ̀ mọ ohun tí ojú òun rí lórí ọ̀bẹ yẹn? Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn oníbàárà bá ti lọ tán, á ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé igi lé itan. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ó kàn ń gbádùn rẹ̀ ni. Ó yọ èèkù tó bá ọ̀bẹ náà wá kúrò, ó gbẹ́ tuntun láti ara igi dúdú kan. Ó ṣe kòtò fún ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan yọ díẹ̀ kó lè kún àtẹ́lẹwọ́. Á gbẹ́ ẹ, á dì í mú wò, á tún gbẹ́ ẹ, títí ó fi bá ọwọ́ mu rẹ́gí. Ó fi sáńpépà fá a, ó fi òróró pa á. Apá ọ̀tún nìkan ló pọ́n lójú ọ̀bẹ náà, bó ṣe gbọ́ pé àwọn kan ń pọ́n ọn ní Japan. Ó fẹ́ kí ìyàwó òun ní ohun kan tí kò sí lọ́wọ́ obìnrin mìíràn.

"Ọpẹ́ mi nìyí? Aláìmoore ni ẹ́!"

"Ó dára púpọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ ni."

"Irọ́! Mú un, kí o fi gé e lójú mi!"

Obìnrin náà tú àkísà. Ó mú ọ̀bẹ náà bó ṣe ń mú ọ̀bẹ láti kékeré, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Kò sí ìka rẹ̀ kan tó bọ́ sínú kòtò tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó yọ yẹn ń gún un lọ́wọ́. Bó ṣe ki ọ̀bẹ bọ àlùbọ́sà, ọ̀bẹ yẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kan ìka ọwọ́ ọ̀tún tó fi báńdéèjì wé. Láti ọjọ́ Ajé ni báńdéèjì náà ti wà níbẹ̀. Télọ̀ ti ń rí i, kò bèèrè rí.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ́," ló wí, bí ẹni pé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú obìnrin náà wá bá a.

"Bí ẹ ṣe fẹ́ mi nìyẹn."

Ó ṣì ń bínú. Ó wo ọ̀bẹ, ó wo àlùbọ́sà, kò rí ẹni tí yóò jágbe mọ́. Òun tó ń wọn apá gbogbo àdúgbò! Ó gba ọ̀bẹ náà, ó di èèkù mú. Ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí.

Ó gbé e sílẹ̀, ó fa téèpù kúrò lọ́rùn.

"Na ọwọ́ rẹ."

Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ aṣọ, ó nà án sí i.

"Èkejì," ni Télọ̀ wí.