Ọwọ́ Rúlà àti Máòsì Oníná Pupa

Rúlà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ìlà rẹ̀ máa ń gún régé. Àwòrán ilé ni wọ́n ń yà lórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn, àwòrán tí bíríkìlà ń wò kó tó mọ ògiri. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ náà.

Máòsì oníbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá ti wọ inú rẹ̀, á máa wọ́ bí arúgbó tẹ́sẹ̀ ń dùn, àfi kéèyàn ṣí ikùn rẹ̀, kó yọ bọ́ọ̀lù, kó fi èékánná ha ẹ̀gbin kúrò. Nígbà tí ọ̀gá wá ra oníná pupa tí kò ní bọ́ọ̀lù, inú gbogbo wọn dùn. Ìyá Ìbejì tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan fi orúkọ máòsì ṣẹ̀fẹ̀, ó ní eku tòun ti jáwọ́ nínú pàǹtí jíjẹ.

Rúlà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbọ̀n. Tó bá fẹ́ fi mú ìdí ògiri kan, á fò ó. Tó bá dá a padà, á tún fò ó. Ó ní tábìlì ló ń dán jù. Ó tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ páálí, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi máòsì náà fa ìlà kan, ìlà ọ̀hún tọ́. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ni Rúlà bá lọ hú máòsì oníbọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde láti inú páálí àlòkù. Ara tù ú. Bọ́ọ̀lù náà wúwo, kì í tètè gbọ́ràn, ọ̀pọ̀ gbígbọ̀n kéékèèké kì í sì í dé ojú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí ohun kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: nígbàkígbà tó bá tún un ṣe kó mọ́, ìlà rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó bá fi ìdọ̀tí sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn yòókù lọ jẹun, Ìyá Ìbejì fa àga sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe máòsì."

Rúlà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń wò yín. Ife omi lásán, ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń gbé e."

Rúlà ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ kú iṣẹ́ nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó mú pẹ́ńsù nílé, ó fa ìlà kan sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, ìlà náà wọ́, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, láti ìgbà tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ti ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ lòun ń sá fún. Ìyẹn dùn ún ju àìsàn gan-an lọ, pé òun nìkan ni kò mọ̀.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, dókítà ní kó na ọwọ́ méjèèjì, ó wá bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ máòsì wa," ni Rúlà wí. Dókítà tún ọwọ́ náà wò. Rúlà sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Rárá. Ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Dókítà ní iṣan ló ń mú ọwọ́ náà gbọ̀n. Oògùn á dín in kù, kò ní í lọ tán.

Rúlà fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní ọ̀nà kan ò wọjà: kó jókòó ti Ìyá Ìbejì, kó fi ojú ṣiṣẹ́, kí obìnrin náà fi ọwọ́ ṣe é. Rúlà gbà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rí ilẹ̀kùn kan nínú àwòrán tí yóò máa gbá àtẹ̀gùn tí wọ́n bá ṣí i. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Ìbejì ti fi máòsì oníná sún un kúrò, ó sì fa ògiri tuntun tó tọ́ gbọnrangandan. Rúlà kí i kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí fèrèsé, kó tó padà sórí àwòrán, ó sì tọ́ka sí èyí tó kàn.